Ìkúnlẹ̀ Ìyàwó Mi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Ìyá

Mo rántí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tó máa ń kún yàrá ìyá mi ní Sùúrùlérè, ní ọdún tí jẹjẹrẹ dá a dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún wa ní mọ́fíìnì olómi fún ìrora rẹ̀, pẹ̀lú síríńjì kékeré tí a ó máa fi wọ̀n ọ́n. Ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́, nìkan ló ń bù ú. Ó ní bí ọwọ́ méjì bá ń bu oògùn kan, ọ̀kan ò ní mọ ohun tí èkejì ti bù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Ọ̀yìngbò, wá kí wa. Ó bá ìyá tó ń sùn, tó sì ń kérora lójú oorun.

"Ìyàwó, bu òmíràn fún un."

Ìyàwó mi ní ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo tọ̀sán ni, àsìkò òmíràn kò tíì tó.

"Bó bá jẹ́ ìyá tó bí ẹ ni, ṣé wàá jókòó tì í kó máa jẹ̀rora báyìí?"

Nílé wa, ìyàwó ilé kì í sọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé rárá. Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, àjà ni mo ń wò, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé ó ti gbà. Àfi ìgbà tí mo rí i pé ó fún ìgò oògùn náà mọ́ àyà.

"Ẹ má bínú, mà. Bó bá jẹ́ ìyá tó bí mi gan-an ni, mi ò ní bù ú fún wọn láìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ọ̀sì."

Lórí fóònù, nọ́ọ̀sì ní ká jí ìyá, ká wo bó ṣe ń mí. A pè é títí kó tó lajú, èémí rẹ̀ sì ń falẹ̀.

"Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sùn padà. Mo ń bọ̀. Ká ní ẹ ti bu òmíràn lé e ni, èémí yẹn ì bá dúró."

Ó dé, ó tọ́jú ìyá, ó sì dín ìwọ̀n oògùn náà kù. Ìyá Ọ̀yìngbò na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ìyàwó mi dìde. Láti ọjọ́ náà, àlejò tó bá ní ká fi díẹ̀ kún oògùn, òun ló ń dá a lóhùn: "A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣé ẹ ti bi ìyàwó wa?"

Ìyá tún lo oṣù díẹ̀ sí i láàrin wa, ó ń dá gbogbo wa mọ̀. Nígbà tó lọ, kò sí ọwọ́ ẹnì kankan tó tì í.

Lónìí, ìbàdí tèmi ló ń dùn mí, wọ́n sì ti fún èmi náà ní oògùn tó le. Lọ́jọ́ tí ìrora bá pọ̀, mo máa ń bẹ ìyàwó mi pé kó fi ẹyọ kan kún un. Orúnkún rẹ̀ kò lágbára mọ́, ó ní láti di àga mú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí i tó ń kúnlẹ̀, mo ti mọ ìdáhùn.