Báńkì Inú Kíláàsì

Òórùn ṣọ́ọ̀kì àti ti owó tuntun ló dàpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Bọ́ǹbù ti wó báńkì ìlú Ìgbò tí wọ́n gbé bàbá mi lọ, nítorí náà kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sọ di báńkì. Ọkọ̀ sójà ló ń kó owó wá láti báńkì àpapọ̀ l'Ékòó. Mẹ́sẹ́ńjà ni bàbá mi, Ìbàdàn ni wọ́n ti kó wa lọ. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Àwa ọmọdé ò wá ríbi kàwé mọ́. Ibẹ̀ ni ìwé tèmi dúró sí.

Mama Ngozi ni aládùúgbò wa. Àwọn ló kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń ná iṣu lédè Ìgbò. Ogun ti ṣí òrùlé wọn, ìgbà òjò sì ti dé tán. Owó ìjọba Ìgbò tó ṣubú nínú ogun náà ni gbogbo ohun tí wọ́n fi pamọ́. Wọ́n ní bí báńkì bá ti pààrọ̀ rẹ̀, àwọn á fi kan páànù.

Ìyá mi máa ń sọ pé, "Ìkíni kì í ṣe owó, kì í tán lápò." Bàbá mi fúnra wọn, bí ewúrẹ́ bá kọjá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá báńkì ti pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ kí ẹni tó wà lórí ìlà, kí ará ìlú má baà rò pé ojúsàájú wà.

Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ, mo rí Mama Ngozi lórí ìlà pẹ̀lú agbọ̀n owó wọn. Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi fà mí lápá.

"Dìde níbẹ̀. A kì í kí wọn níbí."

Yorùbá ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo ìlà. Mama Ngozi wolẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló ṣẹ̀. Nígbà tó kàn wọ́n, iye kékeré kan náà tí ìjọba ń fún gbogbo èèyàn ni wọ́n gbà, àtẹni tó gbé agbọ̀n wá àtẹni tó di tiẹ̀ sétí aṣọ. Kò lè kan ẹ̀gbẹ́ òrùlé kan.

Nírọ̀lẹ́, mo ní, "Bàbá, ṣé ìkíni náà wà nínú ohun tí ìjọba gbà lọ́wọ́ wọn ni?" Ìyá mi dá ọbẹ̀ rírò dúró. Bàbá mi ò nà mí. Òjò rọ̀ mọ́jú. Bí ilẹ̀ ti mọ́, bàbá mi lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mama Ngozi. Ìyá náà ń gbọ́n omi nínú yàrá, wọn ò gbójú sókè.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Túndé ọmọ mi fẹ́ ọmọ Ìgbò. Èmi àti ìyá ìyàwó rẹ̀ la jọ ń tọ́jú ọmọ tuntun ní Sugar Land lókè òkun níbí. Ìyá ìyàwó náà gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ, torí Èkó ni wọ́n ti tajà. "Ìyá Túndé, ata yìí pọ̀," wọ́n á ní. "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí kí ọmọ lè jẹ́ tiyín nìkan ni?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń ká aṣọ ọmọ, wọ́n wá ń sọ bí àwọn ṣe di ìró ìyá wọn mú lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, nílùú mìíràn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà nígbà náà?"

"Ìbàdàn ni," mo purọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlà, ó sì bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí àgbà ò rí dáhùn. Èmi tí orí mi ti funfun, tí ẹnikẹ́ni ò fà lápá, mo tẹríba, mo ń wá èkejì ìbọ̀sẹ̀ ọmọ.