Irin Tó Pa Gbàámú

Irin tó wà nínú okùn ló pa Gbàámú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní èbúté tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlélógún. Ilé-iṣẹ́ èbúté ní ìjàǹbá ni. Èmi tí mò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yìí ní irọ́ ni, mo sì ní ìdí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ òkun mọ́lẹ̀ nípọn tó apá géńdé, kò ṣeé jù. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni àwọn atukọ̀ máa kọ́kọ́ jù sílẹ̀, tó ní kókó lórí kó lè fò dáadáa. Ẹni tó wà nílẹ̀ á mú un, á fi fa èyí tó nípọn. Òfin ní okùn lásán tàbí iyanrìn díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú kókó yẹn. Àwọn atukọ̀ kan ń di nọ́ọ̀tì irin sínú rẹ̀, kí wọ́n má baà jù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó ń dúró nílẹ̀ yẹn ni Gbàámú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ yẹn ń yọ ọ́ lẹ́nu ni, nítorí kì í gba ohunkóhun mú: á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á jẹ́ kí kókó balẹ̀ ná. Nílé, bí ìyàwó rẹ̀ bá ju kọ́kọ́rọ́ sí i, á jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, á wá rọra bẹ̀rẹ̀ mú un, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí ni ìwé tí ọ́fíìsì èbúté kọ lórí ikú rẹ̀ sọ pé "kò wo òkè".

Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà tán, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Okùn méjì ni wọ́n jù lẹ́ẹ̀kan náà, òun nìkan ló wà nílẹ̀. Èwo ni kó wò?"

Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọdún márùn-ún ni Gbàámú fi ń gé gbogbo kókó tó bá wúwo, tó ń kọ orúkọ ọkọ̀ mọ́ ọn, tó ń kó o lọ sí ọ́fíìsì. Ó ti tó ìdajì àpò. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe? Wọ́n fi ọ̀kan dá ilẹ̀kùn ọ̀gá dúró kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Mo gbé e wò, ó wúwo tó òòlù. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti máa fi ju okùn láti ilẹ̀ sínú ọkọ̀, tí orí okùn rẹ̀ rọ̀, wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀hún. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Kò sì bàjẹ́ lóòótọ́.

Ọkọ̀ tó pa á ṣíkọ̀ lọ́jọ́ kejì, tòun ti okùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Ọwọ́ tèmi náà ò mọ́. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Gbàámú wá bá mi, ó gbé kókó kan sórí tábìlì mi. "Ẹ bá wa kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n," ló wí, "kó tó pa èèyàn." Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdìbò ló gbòde nígbà náà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ okùn lè dúró. Ohun tí mò ń kọ yìí ló bẹ̀ mí fún. Ojú ń tì mí.

Mo fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ń gba àwọn kókó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́. N kò retí pé wọ́n á ṣe é. Wọ́n mọ̀ pé òkú ò lẹ́nu, ariwo àwa alààyè kì í sì í pẹ́ rọlẹ̀. Lánàá, mo dé èbúté. Àbúrò Gbàámú ni wọ́n ti fi sí ojú ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí, fìlà lásán ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá èbúté, ọkọ̀ mẹ́ta ló ń bọ̀ lọ́la. Ẹ dá wa lóhùn kí wọ́n tó gúnlẹ̀: kí ló wà nínú okùn wọn?