Obìnrin Tó Kẹ̀yìn sí Ọjà

Kò sí ohun tí n kò tíì fi ya àwòrán rí: èédú, ẹfun, osùn, ọ̀dà, títí kan kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ mi ń tìtorí rẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Mo ti ya igbá, mo ti ya ara ọkọ̀, mo ti ya àsíá ìjọ àti ìwé ọmọdé. Ṣùgbọ́n ara ògiri kan ní Sakété ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Oko ọ̀pẹ ìjọba ní Pobè ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, kò sì ka àwòrán yíyà sí iṣẹ́. Ó ní bí n kò bá tíì ríṣẹ́ kí ọyẹ́ tó dé, Takon ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ àbúrò òun tó ń ránṣọ. Èmi tí abẹ́rẹ́ ti kórìíra láti kékeré!

Orí bá mi ṣe é, Alájì kan tó ń ta aṣọ ní Sakété ní kí n ya obìnrin tó wọ aṣọ tuntun sí ògiri ìsọ̀ òun.

"Ṣùgbọ́n má ya ojú o," ó ní. "Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ ẹ."

Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni Alájì sọ! Mo ya aṣọ, mo ya apá, mo ya ẹsẹ̀, mo wá fi ọrùn sílẹ̀ láìlórí, torí mo rò pé bí kò bá ti gbọdọ̀ sí ojú, kò gbọdọ̀ sí orí. Lọ́jọ́ ọjà, ìyá kan láti Ahoyéyé nawọ́ sí ògiri.

"Orí ẹni tó wọ èyí dà? Èmi ò ra aṣọ tó ń gbé orí lọ o!"

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín, àfi Alájì. Ó ní kí n tún un ṣe kí ọjà mìíràn tó pé, tàbí kí n máa lọ.

Mo jókòó ti ògiri. Ẹni tó lórí tí kò lójú, níbo ni mo ti rí i rí? Ni mo bá rántí ìyá mi. Mo kéré nígbà tó kú, ojú rẹ̀ ti parẹ́ lọ́kàn mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀, torí òun ni mò ń tẹ̀ lé lọ sọ́jà: gèlè tó tẹ̀ sí òsì, èjìká kan tó ga ju èkejì lọ. Mo kun ògiri, mo tún obìnrin náà yà, mo jẹ́ kó kẹ̀yìn sí ọjà.

Alájì wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ń béèrè aṣọ "ẹni tó ń lọ yẹn".

Bàbá mi náà wá, ó ti múra èébú sílẹ̀. Ó dúró síwájú ògiri, ó ń wo gèlè àti èjìká náà. Ó pe orúkọ kan tí òun nìkan fi ń pe ìyá mi, ó wá dúró bí ẹni tó ń retí kí obìnrin ara ògiri yíjú padà. Kò dárúkọ Takon fún mi mọ́.