Mo kúnlẹ̀ sọ pé mi ò lọ

Ṣé torí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, mo ti wá di dírẹ́bà gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn?

Láàárọ̀ yìí, yìnyín dì mọ́ gíláàsì ọkọ̀ mi pátápátá. Mo wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, mò ń wá iṣẹ́ lórí fóònù, ni Aunty kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá pè mí láti Smyrna, ìlú òyìnbó tí wọ́n ń gbé.

"Bá mi lọ gbé àlejò mi ní airport. Ṣebí ilé náà lo kúkú wà."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ wọn ni mo lọ kó níléèwé. Èmi tí mò ń gbé Tucker, tó jìnnà réré sí ọ̀dọ̀ wọn!

Orí fóònù ni o, síbẹ̀ mo sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀ dáadáa kí n tó fèsì.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò lọ."

Wọ́n ní, "Kò burú. A ó máa rántí ẹ nínú àdúrà, kí Ọlọ́run fún ẹ níṣẹ́."

"Àmín, mà. Tẹ́ ẹ bá ti ń wakọ̀ lọ sí airport, ẹ bá mi gba àdúrà náà lójú ọ̀nà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé mo yájú sí àgbà, ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀, mò ń gbọ́. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín dà? Àlejò ṣì ń dúró.