Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Omi

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé mo lọ gun pátákó lórí òkun, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi: mo dìde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kò sì tó àkókò tí èèyàn máa fi pe bísímílà tán, ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ní láti tètè sọ ọ́ nítorí ọmọbìnrin mi ti ń sọ káàkiri Abẹ́òkúta pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi gúnlẹ̀. Ìyẹn náà ṣẹlẹ̀, mi ò jiyàn, àmọ́ ọjọ́ kejì ni ìyẹn.

Kí ni ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ta bátìrì mọ́tò ní Òkè-Ìlewó ń wá nínú òkun? Ẹ̀yìn ló gbé mi débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ṣe Iléyá, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé bátìrì tírélà kan nílẹ̀, nǹkan kan sì dún kọ́ nínú ìbàdí mi. Bátìrì dúró síbẹ̀, èmi náà dúró síbẹ̀. A jọ ń wo ara wa títí oníbàárà kan fi wọlé tó béèrè bóyá mò ń bá bátìrì náà sọ̀rọ̀ ni.

Ìrora náà le, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí wàhálà. Olórí wàhálà ni pé èmi ni mo máa ń sín gbogbo ará agboolé wa jẹ. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe é. Mo mọ bí ìyá yìí ṣe ń rìn, mo mọ bí bàbá yẹn ṣe ń wúkọ́ kó tó béèrè oúnjẹ. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni bí àwọn tí làkúrègbé ń bá jà ṣe máa ń dìde lórí àga. Bí mo bá ṣe é, omijé ẹ̀rín á máa bọ́ lójú wọn. Ta ni kí èmi wá sọ fún pé ẹ̀yìn ń dùn mí? Wọn ì bá fi mí pa ìtàn títí ọjọ́ alẹ́ mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo sì dákẹ́.

Àbúrò bàbá mi ni olórí agboolé wa. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn tó bí wa. Láti ìgbà tí bàbá tó bí mi ti kú, àdúrà tí Bàbá bá ṣe fún mi láàárọ̀ Iléyá ni mo fi ń rìn títí ọdún á fi yípo. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó jókòó sí yàrá ìgbàlejò, gbogbo wa tò, a ń dọ̀bálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí. Mo fẹ́ lọlẹ̀, ìbàdí ní rárá. Mo bá tẹ̀ dé ìdajì, mo fi ọwọ́ kan lé orúnkún, mo fi ìkejì di ẹ̀yìn mú, mo ní, "Ẹ kú ọdún, Bàbá."

Ojú Bàbá yí padà. Kò wúre kankan fún mi. Ó ní, "Hẹn," ó sì kọjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Láti ọjọ́ yẹn, "Hẹn" nìkan ló ṣẹ́ kù láàárín wa. Mo gbé ọsàn lọ fún un, "Hẹn." Mo ní, "Ẹ kú oòrùn," "Hẹn." Àwọn ará ilé ní owó bátìrì ti gùn mí lórí, pé mo ti di ẹni tí kì í fi àyà kan ilẹ̀ mọ́. Ó dùn mí ju ẹ̀yìn lọ. Àgbàlagbà ni Bàbá. Kì í tilẹ̀ lọ sí mọ́sáláṣí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ní oòrùn ti pọ̀ jù. Bó bá lọ pẹ̀lú "Hẹn" yẹn lẹ́nu, ta ló kù tó máa wúre fún mi? Mo pinnu pé kí Iléyá mìíràn tó dé, mo gbọ́dọ̀ lè dọ̀bálẹ̀.

Dókítà fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa na ara. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà na ara nínú ṣọ́ọ̀bù? Ibẹ̀ la wà tí ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó fi pè mí. Wọ́n ṣẹ́ kèké níbi iṣẹ́ wọn, ó sì jẹ ẹ̀bùn ẹni méjì: ọjọ́ mẹ́rin létí òkun, yógà tí wọ́n fi ń na ara láàárọ̀, sáàfù lọ́sàn-án.

Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ sáàfù. Ó ní èèyàn á dúró lórí pátákó nígbà tí ìgbì bá ń ru.

Mo ní, "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ṣé o ò gbọ́ òwe yẹn rí níléèwé ni?"

Ó ní, "Daddy, bí kò bá hó ruru, ṣe ni wọ́n máa ń bínú."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Iléyá. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé mò ń lọ ra ọjà, mo sì wọ mọ́tò ọmọ mi. Láti Pápálantó ni mo ti ń fi tìmùtìmù gbé ẹ̀yìn, gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà ni mo kí ní orúkọ tí kò ṣeé kọ síbí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń kọ́ni ní méjèèjì, ọmọ àwọn apẹja etíkun ibẹ̀, kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó tẹ́ ẹní mẹ́jọ sórí iyanrìn, ó dúró níwájú wa, ó ní, "Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ fi ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà."

Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn! Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé ní kùtù hàì? Mo gbé ẹní mi, mo yí i sí òkun. Òkun ṣáà dàgbà jù mí lọ. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lọ́dọ̀ ẹlòmíì ló ń ṣe, yí tirẹ̀ náà. Ẹni tó tẹ̀ lé e yí tirẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú, ìdí mẹ́jọ ló kù tí olùkọ́ ń wò. Ó rọra gbé ẹní tirẹ̀, ó wá dúró níwájú wa létí omi. Èmi náà bá tún yí padà. Ọmọ mi fi aṣọ ìnura bojú.

Ká sọ tòótọ́, nǹkan náà dára. Ọ̀kan wà tí èèyàn á fi ọwọ́ àti orúnkún dúró, á gbé ẹ̀yìn sókè bíi ológbò tó rí ajá, á tún rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn tú ohun tí oògùn ò tú. Ọ̀kan tún wà tí èèyàn á jókòó lé gìgísẹ̀, á sì fi iwájú orí kan ilẹ̀. Mo sọ fún olùkọ́ pé a ti ń ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ kí wọ́n tó bí i. Ó ní, "Ó dáa, Daddy. Ẹ wá dúró síbẹ̀, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹwàá." Ẹ̀ẹ̀mẹwàá! Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé gbogbo ayé mi ni mo ti ń fi orí kan ilẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tì mí sórí ìgbì. Mo dojú bolẹ̀ lórí pátákó, omi ń sáré lábẹ́ mi, olùkọ́ ń pariwo lẹ́yìn pé, "Ẹ dìde, Daddy! Ẹ fò dìde!" Kò sí ẹni tó ń fò dìde nínú ìdọ̀bálẹ̀ ní agboolé wa. Èèyàn á dúró kí àgbà wúre tán, á mú orúnkún kan wá sílẹ̀, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á wá rọra dìde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara mi ṣe. Nígbà tí ìgbì gbé mi dé etí omi, orí orúnkún kan ni mo wà, ọwọ́ kan lórí orúnkún kejì, ọwọ́ kan lẹ́yìn. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan béèrè orúkọ àrà tí mo dá. Ọmọ mi ti ya fọ́tò.

Olùkọ́ wọ́ pátákó mi sókè. Ó ní, "Daddy, ta lẹ̀ ń dúró dè?"

Bó bá mọ̀ ni, kì bá tí béèrè. Omi iyọ̀ tí mo mu lọ́jọ́ yẹn tó se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti Iléyá. Lọ́jọ́ kẹrin, mo fò dìde, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti sọ bó ṣe pẹ́ tó.

Ọjọ́ tí a dé, mi ò ya ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo lọ tààrà. Ó jókòó lórí àga rẹ̀, ẹní ìrun rẹ̀ wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo kí i ní sálámà, mo sì nà gbalaja: àyà, ikùn, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo ń retí àdúrà. Àdúrà ò wá. Èèrà kan rìn kọjá níwájú imú mi, ó dé ibi tó ń lọ.

Bàbá ní, "Dìde."

Ọjọ́ mẹ́rin lórí pátákó ti ba ara mi jẹ́. Mo fò sókè, orúnkún títẹ̀, apá nínà bíi ti igún, ojú mi lórí aago ara ògiri. Bàbá di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Kí nìyẹn?"

Mo bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: bátìrì, ìbàdí, òkun, pátákó. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Lọ́jọ́ Iléyá yẹn, o ò sín mi jẹ?"

"Èmi? Kí n sín yín jẹ bíi báwo?"

Bàbá rọra dìde lórí àga: ó fi ọwọ́ kan lé orúnkún, ó fi ìkejì di ẹ̀yìn mú, ó sì dúró ní ìdajì. Bí mo ṣe kí i níjọ́sí gẹ́ẹ́.

Ó ní, "Bí mo ṣe ń dìde nìyí láti ọdún méjì. Mi ò sọ fún ẹnì kan. Mo rò pé o yọ́jú wò mí ni, tí o wá fi mí ṣeré lójú gbogbo ilé."

Fún ọdún kan gbáko ni Bàbá ti rò pé ìrora òun ni mo fi dẹ́rìn-ín pa èèyàn, ẹni tó sì mọ̀ mí kò lè rò ó síbòmíràn. Mo sunkún níwájú rẹ̀, mi ò sì tijú.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ẹní ìrun tó wà ní kíká. Ó ní orí àga lòun ti ń kírun, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi í lọ sí mọ́sáláṣí mọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ibi tí o lọ yẹn, ǹjẹ́ wọ́n lè mú orí mi dé ilẹ̀?"

Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mò ń lọ bá a. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó dà bí ológbò méjì. Mo to ìrọ̀rí mẹ́ta síwájú rẹ̀, ó fi orí kàn án. A yọ ọ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. A tún yọ ọ̀kan. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, kò sí ìrọ̀rí kankan mọ́, iwájú orí Bàbá sì kan ẹní.

Mo ka èémí mẹ́wàá. Mo ka ogún. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Mo ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

Ó dáhùn láti ilẹ̀ níbẹ̀ pé, "Fi mí sílẹ̀ jàre. Àdúrà rẹ ti ọdún tó kọjá ni mo ṣì ń ṣe."