Alfa Sùlé Kì í Wẹ Alààyè

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ aago náà nítorí pé iṣẹ́ mi ni láti máa kọ aago sílẹ̀. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé Ọ̀gá Múfú ní Ìgbó-Ọrà, ibi tí à ń pè ní ọ́fíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adìẹ ìyàwó rẹ̀ ló ni ín. Ọ̀gá Múfú gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Gírádù, Olójú-Irin á jí."

Mo ṣí ìwé mi sí ojú-ewé tí a ti pa Olójú-Irin, mo sì kà á fún un.

Ọ̀gá Múfú ló ń darí eré orí fóònù kan tí à ń pè ní Ilẹ̀ Òṣùpá. Ìtàn àwọn ará Ìbàràpá ni, tí wọ́n kó lọ sínú òṣùpá láti lọ gbin ẹ̀gẹ́ nígbà tí ilẹ̀ tiwọn ṣá. Ọkọ̀ òfuurufú wà nínú rẹ̀, oògùn wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í bi ara wọn ní ìbéèrè. Olójú-Irin ni ọ̀dájú inú eré náà. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń fa òjìji jáde lára ènìyàn, ẹni tó bá sì fa òjìji rẹ̀ ti di ẹrú rẹ̀ nìyẹn. Ojú irin tó wà lójú òsì rẹ̀, ìdérí agolo mílíìkì ni, tí a kùn ní dúdú.

Iṣẹ́ tèmi ni wọ́n ń pè ní kọntinúítì. Bí òṣèré bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife lánàá, èmi ni mo gbọ́dọ̀ rántí kó má fi òsì gbé e lónìí. Bí ọgbẹ́ bá wà lápá, èmi ni mo mọ apá wo. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Gírádù, ohun tí mo sì rí mú bọ̀ níbẹ̀ ò ju pé ohun tí èèyàn ò bá kọ sílẹ̀, kó má búra sí i.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni pé Olójú-Irin já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú sórí àpáta. Kó tó dìde, wọ́n gún un lọ́kọ̀. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ fa òjìji rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì sin ín. Ọ̀gá Múfú ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiyèméjì. Ẹni kan ṣoṣo, ikú mẹ́ta àti ìsìnkú kan. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì. Wọ́n kàn dẹ́kun wíwò ni. Nígbà tí Olójú-Irin ti lọ, ohun tó kù nínú eré náà ni àwọn ọmọlúàbí tó ń gbin ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn olùwòran wa sì ń rí láti ojú fèrèsé ilé wọn lójoojúmọ́.

Mo sọ fún Ọ̀gá Múfú pé àpáta, ọ̀kọ̀ àti òjìji ò ṣòro. Nínú eré tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ sínú òṣùpá, irú ikú bẹ́ẹ̀ ò ju ibà lọ. Alfa Sùlé ni ìṣòro.

Alfa Sùlé kì í ṣe òṣèré. Òun ló ń wẹ òkú ọkùnrin ní àdúgbò wa. Ọ̀gá Múfú lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wẹ Olójú-Irin, kí ìsìnkú náà lè jọ òótọ́. Alfa gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní ké kéwú sí eré, a gbọ́dọ̀ da aṣọ bo ọkùnrin náà láti ìdodo dé orúnkún, òun á sì ṣe é bí òun ṣe ń ṣe é gan-an. Bàbá Ṣadé ló ń ṣe Olójú-Irin, tíṣà ni wọ́n ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdèrè. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí pákó. Omi tutù, ọwọ́ Alfa kan ìhà wọn, òkú bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ya sínì yẹn. Ní ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ náà sú Alfa. Ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń wẹ òkú. Èyí ti kú." Kò sí gbólóhùn yẹn nínú ohun tí a kọ. Ọ̀gá Múfú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbólóhùn yẹn gba ìlú kan. Bí iná bá lọ, wọ́n á ní Alfa ti wẹ̀ ẹ́. Bátìrì fóònù, ọ̀kadà tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ìlérí olóṣèlú: èyí ti kú.

Ọ̀gá Múfú ní ká sọ pé ìbejì ni Olójú-Irin. Mo bi í pé ṣé ní Ìgbó-Ọrà yìí náà? Níbòmíràn, wọ́n lè fi ọ̀kan pamọ́. Níbí, wọ́n á bi wá pé ta ló ń jẹ ẹ̀wà tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé mi sọ pé ní ìpín kejì, ìyá Olójú-Irin sunkún pé nínú gbogbo ìyàwó ilé, òun nìkan ni kò bí ìbejì.

Ó ní kí n lọ ronú. Mo ronú bí wọ́n ṣe kọ́ mi: mo to gbogbo ọ̀nà sílẹ̀, mo sì wá èyí tí àtúnṣe rẹ̀ kéré jù. Àpáta lè ṣeni léṣe kó má pani, ọ̀kọ̀ náà bẹ́ẹ̀, òjìji tí wọ́n fà jáde sì ṣeé dá padà. Ẹnu ènìyàn kan ṣoṣo ló fìdí ikú náà múlẹ̀, ènìyàn sì lè ṣàṣìṣe. Mo kọ ọ́ pé Olójú-Irin dìde jókòó nínú líkáfánì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alfa yẹn ò mọ òkú." Ó kúrú, kò sí ihò nínú rẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ọjọ́rú la yà á, Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀gá Múfú gbé e síta. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ránṣẹ́ sí Alfa Sùlé.

Ní ọjọ́ Àìkú, Alfa wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ìyá mi gbé omi fún un. Ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Alfa."

"Ó dáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín." Ó mu omi díẹ̀. "Bàbá kan kú ní agboolé tó tẹ̀ lé tiwa lánàá. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹni tó wẹ̀ ẹ́ láti Ìdèrè."

Mo sọ fún un pé ẹ̀rí kan ṣoṣo ò tó, pé bóyá olóògbé ní ìbátan ní Ìdèrè. Mo ṣì lè rántí bí mo ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń dáhùn ìbéèrè ìdánwò.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni Alfa wí. "Èmi ni mo wẹ bàbá rẹ̀. Èmi ni mo wẹ àbúrò rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọjá, ọmọ wọn kan ní kí n má bínú, pé bàbá àwọn ò fẹ́ jí sínú ilẹ̀."

Mo pa ìwé mi dé.

Alfa ò bínú. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó ní eré wa ni, ká jí Olójú-Irin bí a bá fẹ́, ká jí i lẹ́ẹ̀mẹwàá. "Ṣùgbọ́n èmi ò wẹ alààyè rí. Ilé tí èèyàn wọn bá kú lónìí, ó yẹ kí wọ́n lè sùn lálẹ́." Ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ojú irin yẹn, ta ni mo fún?"

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wọn kì í wẹ òkú pẹ̀lú ohun tí kì í ṣe ara rẹ̀. Òrùka, aago ọwọ́, ohunkóhun tó bá ṣeé yọ, wọ́n á yọ ọ́ kí omi tó kàn án, wọ́n á sì kó o fún àwọn ẹbí. "Mo yọ ojú irin náà. Ẹ̀ ń yà mí nígbà yẹn."

Mo tún ìwé ṣí. Ó wà níbẹ̀, ìkọ̀wé mi ni: "Alfa fi ọwọ́ ọ̀tún yọ ojú irin, ó gbé e sórí àga." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Mo kọ ọwọ́ tó fi yọ ọ́ sílẹ̀. N kò bèèrè ibi tó gbà lọ.

Bí a ṣe rí ọ̀nà nìyẹn. Ọkùnrin tí Alfa wẹ̀ ti kú, ó sì kú dáadáa. Ojú irin ni ìkà. Ẹni tó bá gbé e sójú, òun ni Olójú-Irin.

Ọ̀gá Múfú bẹ̀rù pé ọgbọ́n ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù ti Bàbá Ṣadé yàtọ̀. "Ẹ gún mi lọ́kọ̀, ẹ fomi tútù wẹ̀ mí, ẹ wá fẹ́ gbé ojú mi fún ẹlòmíràn?"

"Bàbá Ṣadé, ẹ ti kú," ni Ọ̀gá Múfú dá wọn lóhùn. "Òkú kì í bínú."

"Òkú ló bá yín gba kíláàsì tí ẹ fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ wá ibòmíràn."

Láàárín ìṣẹ́jú méjì, a fẹnu kò pé ẹni tó bá gbé ojú irin wọ̀, ìrísí rẹ̀ á yí padà di ti Bàbá Ṣadé. Físíìsì ni mo kà. Kò sí físíìsì kankan níbẹ̀.

A yọ fọ́nrán tí Olójú-Irin ti jí nínú líkáfánì kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó bá ti wọ fóònù ará ìlú kì í jáde mọ́. Mo lọ bẹ Alfa. Ó ní òun ò ṣeré mọ́, ṣùgbọ́n òun á wá sọ òótọ́. Ó gbé bùtà tó fi ń wẹ òkú lọ́wọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè tí a fi ṣe sàréè, ó ní, "Ẹni tí mo wẹ̀ wà níbí. Ohun tí mo yọ lójú rẹ̀ ni kí ẹ wá lọ." Ẹ̀ẹ̀kan la yà á. Ó gbàgbé bùtà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀gá Múfú sọ pé gbogbo ìlú ti ronú pìwà dà. Kò bi gbogbo ìlú. Ó ti ń bi mí báyìí nípa ìyá Olójú-Irin, tó kú ní ìpín keje.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, mo lọ dá bùtà padà. Mo ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà Alfa nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti agboolé tó tẹ̀ lé tiwọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ti lọ, kí Alfa má bínú. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló sọ̀rọ̀ jíjí sínú ilẹ̀ yẹn, n kò sì bèèrè. Alfa ò dárúkọ Ìdèrè. Ó gba bùtà lọ́wọ́ mi, ó bu omi sí i, a sì jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ó dúró níbẹ̀. "Gírádù, kí ni aago wí?"

N kò mọ ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn nínú ilé. N kò mọ̀ bóyá ẹnì kan tún gbétí lé àyà olóògbé kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo rí ni mo kọ: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje, Alfa Sùlé wọlé, bùtà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.