Kàdíjátù, Ẹni Tó Ka Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìkòsí

Ní ọdún 2005, àwa mẹ́fà ni wọ́n gbà láti máa lọ láti ilé dé ilé ní Ìkòsí àti Kétu nílùú Èkó, ká lè mọ iye àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ láàárín àwọn ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sí mẹ́rìnléláàádọ́ta, ìyẹn àwọn tí agbára wọn ṣì pé. Èmi Bọ̀wálé wà níbẹ̀. Kàdíjátù Shittu náà wà níbẹ̀, ọmọ bíbí Ìkòsí, tó ti gba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ìṣirò tipẹ́tipẹ́ tí kò sì rí iṣẹ́ tó bá a mu.

Ìbéèrè wa kò pọ̀. Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé o ṣiṣẹ́ tó mówó wọlé, ì báà ṣe wákàtí kan péré? Bí o kò bá ṣe é, ṣé ò ń wá iṣẹ́? Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tí kò sì wá a, ọ̀tọ̀ ni ibi tí à ń kọ tirẹ̀ sí.

Èmi kì í fi falẹ̀. Bí mo bá ti bá baálé ilé lẹ́nu ọ̀nà, òun ni mo ń bi nípa gbogbo ará ilé. Bí mo bá ti parí ilé mẹ́jọ, Kàdíjátù á ṣì wà nílé kẹta. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ká jọ lọ. A dé ilé Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew, ará Ìjẹ̀bú tó háyà yàrá méjì lẹ́yìn ọjà Mile 12. Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ ń dán.

"Iléeṣẹ́ oníke ni mo ti ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Ìyàwó mi ò ṣe nǹkan kan. Ilé ló ń jókòó sí."

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí Kàdíjátù di bírò mi mú.

"Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Mummy fúnra wọn."

Ìyàwó rẹ̀, Clara, jáde láti ẹ̀yìnkùlé, èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Àwọn oníṣòwò Mile 12 ló ń gbé ẹ̀gúsí fún un láti bó, wọ́n sì ń sanwó fún un.

"Wákàtí mélòó lẹ fi bó ẹ̀gúsí lánàá, mà?"

"Á tó mẹ́fà. Àmọ́ Aunty, ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?"

"Iṣẹ́ ni, mà. Òṣìṣẹ́ ni yín."

Kàdíjátù wá yíjú sí ọkọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà, tí ẹ wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́? Ìgbà wo lẹ dé ibi iṣẹ́ kẹ́yìn?"

Ọkùnrin náà rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, ó sọ òótọ́. Iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé láti oṣù méjì. Láràárọ̀ ló ń múra, tó ń lọ láti ẹnu géètì iléeṣẹ́ kan sí òmíràn. Clara mọ̀, àwọn ayálégbé yòókù ni kò mọ̀. Kàdíjátù kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń wá iṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, ka fọ́ọ̀mù náà, ó jù ú sórí tábìlì.

"Ìyàwó ilé ló ń ṣiṣẹ́, ọkọ ni kò níṣẹ́? Kàdíjátù, ṣé o kàn jókòó síbì kan hùmọ̀ èyí ni?"

Kàdíjátù mú fọ́ọ̀mù náà, kò dúró dìgbà tí mo máa jẹ́rìí. "Ẹ jẹ́ ká jọ padà síbẹ̀, sà."

Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejì la lọ, ká lè bá a nílé. Bí ọ̀gá wa ṣe bi í, Bartholomew dìde dúró.

"Òótọ́ ló kọ, sà. Ìyàwó mi ló ń ṣiṣẹ́ nílé yìí. Èmi ṣì ń wá."

Kò rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Clara tún ìró rẹ̀ ró, ó gbójú sókè. "Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é," ló wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ọ̀gá wa tún yẹ ilé mẹ́rin wò nínú àwọn tí Kàdíjátù kọ. Kò rí àṣìṣe kankan. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo wa, ó sì ní kí àwa yòókù padà sí gbogbo ilé tí ọkọ ti gbẹnu sọ fún aya rẹ̀. Tèmi jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní mọ́kànlá nínú wọn, obìnrin tí mo kọ pé kò ṣe nǹkan kan ń ṣiṣẹ́. Ojú tì mí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kàdíjátù ni wọ́n mú láti kọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Gbọ̀ngàn kún, mo jókòó lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ọkọ kò tó.

"Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló mọ bó ṣe rẹ òun tó," ló fèsì.

Òmíràn béèrè bóyá ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn náà ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí mo fi nawọ́ sókè.